Hàláátù, Ọmọ Gbogbo Bẹ́ńṣì

Kékeré ni mí nígbà náà, mo ti ká eyín iwájú, tuntun kò sì tíì hù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè wa, láàrin Ayétòrò sí Ìgbógìlà, ẹ ó rántí irú ilé-ìwé tí mò ń sọ yìí: gbọ̀ngàn gígùn kan, òrùlé páànù, ògiri tí kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ, tí ewúrẹ́ ń fò wọlé nígbà ìṣirò. Kò sí ògiri láàrin kíláàsì kan àti èkejì. Bí kíláàsì kìíní bá ń kọrin A B D níwájú, kíláàsì kẹfà ń gbọ́ ọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì jókòó sáàrin lè gbọ́ ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà kó má mọ ọ̀kankan. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ńṣì gígùn kan ṣoṣo. Ẹni tí bẹ́ńṣì kò bá gbà, orí ẹní ló ń jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ẹní náà wá láti ilé.

Kí n tó dé ilé-ìwé láàárọ̀, mo ti pọn omi, mo ti gbálẹ̀, mo ti jẹ ẹ̀kọ tútù àti àkàrà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, kì í pè é ní ẹ̀kọ. Akasà ló ń pè é, nítorí Ègùn ni, ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn tí wọ́n ń pè ní Tube ló ti wá bá wa gbé. Ọmọ Ọ̀họ̀rí ni bàbá mi. Nínú ilé wa, bàbá mi a máa bínú ní Ọ̀họ̀rí, màmá mi a máa bẹ̀ ẹ́ ní Ègùn, àwa ọmọ a sì jẹ pàṣán ní èdè tó bá yá. Kò sí ẹni tó rí ohun ìyanu kankan nínú rẹ̀. Èmi gan-an ò mọ̀ pé mo ní ẹ̀yà títí káńsù fi sọ fún mi.

Ohun tó fà á kò dáa. Bàbá Ègùn kan tó ń roko nítòsí wa ya ilé-ìwé lọ́jọ́ kan láti fún ọmọ rẹ̀ ní gààrí, ó sì bá ọmọ náà lórí ẹní, nígbà tí àwọn ọmọ Yewa kan na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí bẹ́ńṣì tí àyè ṣì wà níbẹ̀. Ó béèrè ìdí. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá yìí dá a lóhùn pé Ègùn kì í jókòó sórí bẹ́ńṣì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é lóòótọ́, kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, nítorí pé apá kan lára mi ni wọ́n ń bú, mi ò sì mọ apá tí ó jẹ́. Bàbá náà gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Gíwá ilé-ìwé wa, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, ó sì gbé e dé káńsù.

Káńsù pe gbogbo àwọn Gíwá jọ sí Ayétòrò, wọ́n sì fẹnu kò. Wọ́n ní kò sí ẹ̀yà tó ju ẹ̀yà lọ. Wọ́n ní láti ìgbà náà lọ, lórí bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ọmọ Yewa gbọ́dọ̀ wà, ọmọ Ọ̀họ̀rí gbọ́dọ̀ wà, ọmọ Ègùn gbọ́dọ̀ wà, ọmọ Fúlàní gbọ́dọ̀ wà. Ilé-ìwé tó bá ṣe é, bẹ́ńṣì tuntun ń bọ̀. Èyí tí kò bá ṣe é, bẹ́ńṣì tirẹ̀ yóò gba ilé-ìwé mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ pé kò dára. Àwọn tó sọ ọ́ kò kàn dé ilé-ìwé wa rí ni.

Ọkùnrin tí wọ́n rán láti máa bójú tó o, orí alùpùpù ló máa ń wá, kì í sì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ kó má parí rẹ̀ sí "kó dọ́gba." Ó máa ń dé fìlà abetí-ajá, á sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ etí fìlà náà wò kí ọ̀kan má baà ga ju èkejì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba ni àwa ọmọ ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí Gíwá fi pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì jẹ́.

Gíwá wa, ènìyàn tó sanra, tó sì jẹ́jẹ́ ni. Kì í na ọmọ. Á kàn mí kanlẹ̀, ìmí náà á sì dun ọmọ ju pàṣán lọ. Ó kó gbogbo wa síta nínú oòrùn kó lè pín wa ní ẹ̀yà ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ dàrú. Ọmọkùnrin kan ń to gbogbo ìlà, ó rò pé búrẹ́dì ni wọ́n ń pín. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún pé òun kì í ṣe Yewa, òun kì í ṣe Ọ̀họ̀rí, ọmọ Ìyá Sílífá ni òun. Àwọn ọmọ ìyá kan náà méjì wà, ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sídìí Yewa, àbúrò tẹ̀lé ọ̀rẹ́ tirẹ̀ lọ sídìí Ọ̀họ̀rí. Gíwá wò wọ́n, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ó kúkú dọ́gba.

Nígbà tó kàn mí, ó ronú fún ìgbà díẹ̀. Ègùn kò tó lórí bẹ́ńṣì kíláàsì kìíní láàárọ̀. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn a máa yọ́ lọ sóko lẹ́yìn bíréèkì. Nítorí náà, ó ní kí n máa jẹ́ Ègùn láàárọ̀, kí n sì di Ọ̀họ̀rí bí agogo bíréèkì bá ti lù. Orí ibi kan náà ni mo jókòó sí láti òwúrọ̀ títí ilé-ìwé fi ń parí, ẹ̀yà mi nìkan ló ń ṣípò. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Ìyá àgbà yíjú sí bàbá mi, ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé nínú ẹ̀yà méjèèjì, èwo lebi yóò máa pa bí ọmọ náà bá ti ilé-ìwé dé, kí òun lè mọ irú oúnjẹ tí òun yóò fi pamọ́.

Fúlàní ló wá kù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilé-ìwé wa, Hàláátù. Gáà wọn wà ní òdìkejì odò, ìyá rẹ̀ ló sì ń ta wàrà fún gbogbo àwọn ìyá wa. Ọdún yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà kó wọ ilé-ìwé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dàgbà jù mí díẹ̀, kì í tètè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a dúró.

Odò la ti ń pọn omi nígbà tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ ti ṣe àdéhùn kan. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó mọ̀wé tirẹ̀. Orí wàláà ló ti fi tàdáwà kọ́ Hàláátù ní kéwú kó tó fún un láyè láti wá sọ́dọ̀ wa. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí ilé-ìwé tiwa yóò fún ọmọ òun tí màálù kò lè fún un ni. Ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú, tí òun fẹ́ da màálù gba apá òkè lọ, òun yóò ya ilé-ìwé. Bí Hàláátù bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ lójú òun, kó dúró ti ìyá rẹ̀ ní gáà, kó máa kàwé lọ. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó mú ọ̀pá, kó tẹ̀lé àwọn ọmọ màálù. Hàláátù ní òun ò fẹ́ lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ sára àwọn ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ayétòrò kọjá, nítorí ó dá òun lójú pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, gbogbo ayé ti rẹ́rìn-ín sí i tán, òun nìkan ló kù.

Àwọn àgbà ní ẹni tó lórí kò ní fìlà. Ilé-ìwé mìíràn ní Fúlàní, kò ní bẹ́ńṣì. Àwa ní bẹ́ńṣì, Fúlàní wa kò kárí. Gíwá ro ó títí, ó wá pinnu pé bí Fúlàní kò bá lè wà lórí gbogbo bẹ́ńṣì lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa yí wọn ká. Láti ọjọ́ yẹn, bí agogo bá ti lù, Hàláátù á gbé síléètì rẹ̀, á gbé bàtà rọ́bà rẹ̀, á gbé igbá wàrà rẹ̀, ó di bẹ́ńṣì tó kàn. Láàárọ̀, á bá wa kọrin A B D. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n á ti máa bi í ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún dá a padà sí A B D. Èmi ni ìdí mi dúró tí ẹ̀yà mi ń rìn. Òun ni ẹ̀yà rẹ̀ dúró tí ìdí rẹ̀ ń rìn.

Ọjọ́ tí a bá gbọ́ ariwo alùpùpù ló máa ń dùn jù. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba á máa yẹ bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan wò láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bó bá ti kúrò nídìí tiwa, Gíwá á mi orí sí i, Hàláátù á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, á tẹ̀ba, á gba ẹ̀yìn ògiri kékeré yẹn sáré, á sì yọ lórí bẹ́ńṣì kejì kí ọkùnrin náà tó tún fìlà rẹ̀ ṣe tán. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé kíláàsì kẹfà, níbi tí yóò ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà kan, Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba dúró, ó wò ó títí, ó wá sọ fún Gíwá pé àwọn Fúlàní yìí mà jọra wọn o. Gíwá dá a lóhùn pé wọ́n jọra gan-an ni.

Kò pẹ́ tí bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí rẹ̀. Wàrà ló fà á. Wàrà díndín ni ìyá rẹ̀ máa ń dì fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ funfun, ó ń rùn ata àti epo gbígbóná, bẹ́ńṣì tó bá wà nígbà bíréèkì ló sì ń bá a jẹ ẹ́. Kíláàsì kẹta fẹ̀sùn kan kíláàsì kejì pé wọ́n ń lu agogo lọ́nà àrékérekè. Àwọn tí kò fẹ́ kí Ègùn jókòó tì wọ́n tẹ́lẹ̀ ń bẹ Gíwá kí ó fi Fúlàní kún tiwọn. A gé koríko pápá nítorí ìjà yẹn títí ọwọ́ wa fi bó.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán fún èmi. Ibi gbogbo tó bá dé, àlejò ni. Tíṣà tó bá rí i á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, á sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Kó tó kan ìkejì, agogo á lù. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tíṣà kò fẹnu kò lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ náà. Àǹtí tó ń kọ́ àwa kékeré ní H ni. Tíṣà Onítáì, tó mú kíláàsì àárín, ní A ni. Ẹ mọ irú àwọn ènìyàn wa tí H máa ń dà láàmú: wọ́n á yọ ọ́ níbi tó yẹ kó wà, wọ́n á fi í síbi tí kò yẹ. Tíṣà Onítáì máa ń jẹ hẹ́gì láàárọ̀, ó sì ń gbé inú áọ̀sì. Bó bá fẹ́ pe Hàláátù, á ní "Àláátù." Bó bá fẹ́ pe èmi Àmínátù, á ní "Hámínátù." Ó mú H orí ọmọlọ́mọ, ó fi lé mi lórí. Kò sí ọjọ́ tó pè wá tẹ̀léra tí Hàláátù kì í wò mí bíi pé mo jí nǹkan rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ ń lọ, tí ewé ń rọ, tí ọyẹ́ sì lọ. Lára síléètì Hàláátù, H wà, A wà, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ láti apá ìlà-oòrùn, gbogbo wa gbóòórùn òjò lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rí i tí ó gbé ojú sókè. Nígbà bíréèkì, kò ṣí igbá wàrà rẹ̀. Ó gun orí bẹ́ńṣì, ó gbé igbá náà há abíyá, ó sọ fún gbogbo ilé-ìwé pé, "Bẹ́ńṣì tó bá fẹ́ jẹ wàrà mi, kó fún mi ní lẹ́tà kan. Kì í ṣe lẹ́tà tó bá wù yín o. Lẹ́tà orúkọ mi ni."

Káńsù kò rí i rò, Gíwá kò rí i rò, wàrà ló rí i rò. Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì, tó wà ní kíláàsì kẹfà, fi igi kọ HALATU sórí yanrìn, ó sì pín in fún bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ńṣì tiwa ló gba H. Inú mi dùn jọjọ, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà dá a padà fún un. Kíláàsì kẹrin bínú pé A tí wọ́n fún àwọn, wọ́n ti fún kíláàsì kejì ṣáájú. Ràṣídì sọ fún wọn pé A òwúrọ̀ ni ti kíláàsì kejì, tiwọn ni A ọ̀sán, ṣé wọn ò rí àbúrò òun tó jẹ́ Ègùn láàárọ̀ tó sì jẹ́ Ọ̀họ̀rí lọ́sàn-án ni? Wọ́n gbà. Láti ìgbà náà, bí Hàláátù bá ti jókòó, bẹ́ńṣì náà á yí i ká, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, Yewa, Ègùn, Ọ̀họ̀rí, wọ́n á máa tọ́ ọ sọ́nà lórí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, ata wàrà á sì máa ta wọ́n lẹ́nu.

Ọjọ́ tí òjò ṣú gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba mú àwọn àgbà káńsù wá wò wá bóyá bẹ́ńṣì tuntun tọ́ sí wa. Wọ́n ti ní kí òbí kan wá láti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà ló wá fún Ègùn, ó sì gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání, nítorí ó ti gbọ́ irú ilé-ìwé tó jẹ́. Ó kí Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba ní "Mì kúàbọ̀." Ọkùnrin náà sọ fún un pé, "Màmá, Yorùbá la ń sọ níbí o," ó wá rántí ohun tó mú un wá, ó sì gbìyànjú láti dá ìkíni náà padà ní Ègùn. Ohun tó sọ, Ìyá àgbà kò túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú.

Bàbá Hàláátù dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àwọn màálù rẹ̀ ti dúró lójú ọ̀nà. Kò wọlé, ó dúró lẹ́yìn ògiri kékeré náà, ó ní òjò kò ní dúró de òun, kí ọmọ òun kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba fara mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀, ó ní ohun tí àwọn àgbà káńsù ń fẹ́ rí gan-an nìyẹn. Mo fi ọwọ́ di bẹ́ńṣì mú. Hàláátù gba ṣọ́ọ̀kì, ó lọ síwájú pátákó, ó sì kọjá lọ sí etí rẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ọmọ, ibí la ti ń bẹ̀rẹ̀," Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba ń nawọ́ sí apá òsì.

Kò gbọ́, àbí ó gbọ́ ni. Ó kọ H sí etí ọ̀tún gan-an. Ó kọ A sí apá òsì rẹ̀. Ó kọ L. Ó ń bọ̀ lápá òsì díẹ̀díẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní kéwú lórí wàláà, títí tó fi kọ U tó sì gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba kà á láti apá òsì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ùtálà," ló wí. Ó wo gbogbo wa. "Ta ni Ùtálà nínú yín?" Ó yíjú sí Gíwá. "Ẹ̀yà wo ni Ùtálà?"

Gíwá mí kanlẹ̀. Bàbá Hàláátù béèrè ohun tí ọmọ òun kọ. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba dá a lóhùn pé ohun yòówù kó jẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo rí Hàláátù tó ń wo ọ̀pá bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ kígbe pé wọ́n ń pa irọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá Ègùn ni mo jẹ́ lásìkò náà tàbí Ọ̀họ̀rí, àti bóyá ó tó àkókò fún mi láti sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ wọlé. Ó lọ síwájú pátákó, ó gbé ìka lé ìparí rẹ̀ lápá ọ̀tún. "Níbí lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbẹ̀ ni, Bàbá. H nìyẹn. Ti bẹ́ńṣì Àmínátù ni."

Ó sún ìka. Hàláátù dárúkọ lẹ́tà kejì, ó sì sọ bẹ́ńṣì tó ni í. Bó ṣe ń dárúkọ wọn, bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan ń dáhùn pé tiwọn ni, títí ìka náà fi dé U, tí kíláàsì kẹfà sì hó. Ọkùnrin náà kò mọ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tí ìka rẹ̀ gbà.

"Ọmọ mi kọ ọ́," ló sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba. "Ọ̀tún ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, òsì ni ìwé tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò sí ẹ̀yà tó ju ẹ̀yà lọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba di etí fìlà rẹ̀ méjèèjì mú. Ó wo àwọn àgbà káńsù, wọ́n ń wo òrùlé. Ìyá àgbà, lórí àpótí rẹ̀, ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tíṣà Onítáì ní òun náà fara mọ́ ọn, àfi pé H yẹn kò pọn dandan. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba rìn lọ sí apá ọ̀tún pátákó, ó dorí kodò díẹ̀, ó kà á láti ibẹ̀ wá, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ó dọ́gba."

Òjò dé. Bàbá Hàláátù gbá ọmọ rẹ̀ lórí pẹ́pẹ́, ó da màálù rẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ sì dúró.

Bẹ́ńṣì tuntun náà dé lóòótọ́, ó ń dán, ó ń rùn igi tútù. Nígbà tí wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ tán la rí i pé ìjókòó ènìyàn méjì-méjì ni. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́gba wo bẹ́ńṣì, ó ka ẹ̀yà mẹ́rin lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo bẹ́ńṣì. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ, a ò sì tún fojú kàn án. Gíwá ní kí oníkálùkù mú ẹni tó bá wù ú. Hàláátù wá jókòó tì mí. Agogo lù, ó dìde, ó gbé síléètì, ó gbé bàtà, ó gbé igbá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. A jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi mú mi lọ sí ilé-ìwé girama ní Ìlaròó.

Èmi náà ti di Gíwá báyìí, ní Ayétòrò níbí. Ilé-ìwé mi ní ògiri láàrin kíláàsì. Ewúrẹ́ kì í wọlé. Kò sí ọmọ tó ń gbé ẹní wá láti ilé, kò sí ẹni tó ń gé koríko títí ọwọ́ á fi bó, àga oníke ni oníkálùkù ń jókòó lé, ẹnì kan àga kan. Ìwé káńsù ṣì ń dé, ìwé rẹ̀ tilẹ̀ dán ju ti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì dára bíi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àgbẹ̀ àti darandaran ti ń bá ara wọn jà ní àwọn oko wa, àwọn òbí máa ń wá sí ọ́fíìsì mi, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní kí n má fi ọmọ àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Fúlàní. Ọ̀pọ̀ gáà ló ti tú. Nígbà tiwa, odindi ilé-ìwé ń du Fúlàní kan ṣoṣo. Lónìí àga pọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nítòsí. Ó ń bí mi nínú, mi ò sì mọ ibi tí màá gbé ìbínú náà sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Hámínátù." Ènìyàn méjì péré ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí, Tíṣà Onítáì sì ti di olóògbé. Èmi àti Hàláátù dì mọ́ ara wa. Ó ti di ìyá àwọn ọmọ, eyín iwájú tirẹ̀ náà ti ká. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló mú wá fún kíláàsì kìíní, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní bírò kó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Ó wò mí lójú, ó fi ẹ̀rín pamọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún.

Mo tẹ̀lé bírò náà láti ọ̀tún wá. H. A. M. I. N. A. T. U.

Mo mú bírò tèmi láti fagi lé H náà, nítorí Gíwá ni mí, mo sì mọ̀ pé kò sí i nínú orúkọ mi. Mo tún gbé bírò kalẹ̀. Òun ló ni H rẹ̀, ó sì lè fún ẹni tó bá wù ú.

"Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́," ló wí. "Jẹ́ kó jókòó sójú kan."

Mo mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì, mo fi í sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ Yewa kan wà lórí àga tó tẹ̀lé e, èyí tí màmá rẹ̀ ti wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi ní ọ́fíìsì. Mo gbá àga rẹ̀ mú, tòun ti ọmọ lórí rẹ̀, mo sì wọ́ ọ títí àga méjèèjì fi kan ara wọn, tí wọ́n di bẹ́ńṣì.